Ẹ̀jẹ̀ Mi Tó Wà Nínú Fìrísà

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà ń bẹ, eékún ń ro mí díẹ̀ ṣùgbọ́n ẹnu ò ro mí. Ẹlẹ́dàá tó ń jẹ́ ká gbúròó ara wa kò ní jẹ́ ká gbúròó ibi.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá. Ṣé o rántí ìgbà tí àwọn oníwàádìí ìlera gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo àdúgbò wa, tí mo yarí, àfi ìgbà tí o sunkún kí n tó na ọwọ́? Inú fìrísà ni wọ́n kó o sí látìgbà náà. Wọ́n tún dé lóṣù tó kọjá, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ tèmi wò, ìtọ̀ ṣúgà ń bẹ níbẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ẹja inú fìrísà aládùúgbò wa gan-an, bó bá pẹ́, a kì í mọ̀ ọ́n lẹ́ja mọ́, áńbọ̀ǹtórí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ní kí n dákẹ́, mo ní kó lọ pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ọmọbìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kò bínú. Ó ní ohun tí mò ń bi àwọn náà làwọn ọ̀gá àwọn ń bi ara wọn, pé nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń bàjẹ́ nínú òtútù, òmíràn kì í bàjẹ́, ìdí nìyẹn táwọn fi fẹ́ gba tuntun kí àwọn fi wé ti àtijọ́. Mo ní kó gbà á, ojú á tì wọ́n.

Nígbà tí mo lọ gbọ́ èsì, ojú tèmi ló tì. Ó ní, “Ìyá, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ń sọ.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, inú mi dùn. Ta ló yí ohùn padà rí nínú ìdílé wa? Wọ́n sin ẹ̀jẹ̀ mi sínú yìnyín, kò purọ́. Mo ti ń lo oògùn, ẹsẹ̀ tó ń ta mí ti rọlẹ̀. Wọ́n ní bó bá pẹ́ sí i ni, ojú tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ì bá ti lọ. Ẹkún rẹ ló gbà mí.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ránṣẹ́, kí o fi súwẹ́tà kan tó nípọn sí i. Kì í ṣe tèmi. Wọ́n ti dá ìyókù ẹ̀jẹ̀ náà padà sínú fìrísà, ohun tó ṣe mí lóore tó báyìí kò yẹ kó wà ní ìhòòhò. Mo ti sọ fún ọmọbìnrin yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n gbé e wá.

Bí o ṣe ro tèmi, Ọlọ́run á ro tìrẹ. Òtútù ayé kò ní mú ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.