Uncle Gabriel, Níbo Lẹ Gbé Àpótí Wa Sí?

Lithonia, Georgia,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi, Uncle Gabriel,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Fayetteville? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbàdúrà pé kí ara yín le dáadáa, nítorí mo fẹ́ kí ẹ lágbára láti ka lẹ́tà yìí dé ìparí. Ara tèmi le. Inú ló ń bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó ń bí mi nínú, kí ẹ má baà ní Damaris ń fọ̀rọ̀ pa mọ́. Àpótí tí mo gbé fún yín ní ọjọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìbuwọ́lùwé ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Lọ́la, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn ọ̀gá sítọ́ọ̀ oúnjẹ yẹn máa jókòó ní Buford láti pinnu bóyá àwọn á ṣì máa ra ẹja sámọ́nì tí wọ́n ń sìn nínú àwọ̀n lójú òkun. Wọ́n ní bí a bá kó ìwé tí àwọn oníbàárà wọn fọwọ́ ara wọn kọ dé, àwọn á gbọ́ tẹnu wa. Bí a kò bá kó o dé, wọ́n máa fọwọ́ sí àdéhùn tuntun pẹ̀lú àwọn tó ń sin ẹja náà, ó sì di ọdún márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó tún lè bá wọn sọ ọ́. Ẹ mọ gbogbo èyí. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ fún yín, lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ mọ Evelyn náà. A jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni, òun ló sì ń bá mi ṣiṣẹ́ mi nígbà tí àìsàn dá mi gúnlẹ̀. Etí òkun ní Kánádà ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn tó ti ń pẹja níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí sámọ́nì bá ń ti inú òkun gòkè odò wọn bọ̀, ariwo omi kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Lọ́dún tó kọjá, ẹja mọ́kànlá ni bàbá rẹ̀ rí. Mọ́kànlá, Uncle! Ẹnu odò yẹn gan-an ni wọ́n ta àwọ̀n ńláńlá sí, tí wọ́n ń sin ẹja há ara wọn mọ́ inú rẹ̀ bí adìyẹ. Iná, kòkòrò bí irú èyí tó máa ń wà nínú irun orí, ń bí sí i lára ẹja inú àwọ̀n, ó ń jáde, ó ń lẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ẹja tó ń kọjá lọ sínú òkun, èyí tí kò tíì gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn títí wọ́n á fi kú. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde nìyẹn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọmọ Ẹ̀pẹ́ lẹ̀yin náà. Ta ló yẹ kó máa ṣàlàyé fún ọmọ Ẹ̀pẹ́ bó ṣe máa ń rí tí ẹja bá tán nínú omi?

Oṣù mẹ́jọ ni àwa méjìlá fi dúró níwájú sítọ́ọ̀. Ní Lithonia, ní ilé ìtajà ńlá Buford, ní Fayetteville tiyín níbẹ̀ yẹn. Oòrùn oṣù Kẹjọ pa wá, òtútù oṣù Kìíní pa wá. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lé wa títí ó fi mọ orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kan tó parí iṣẹ́, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wá buwọ́ lùwé. Obìnrin kan ní kí n padà sí Áfíríkà kí n lọ máa jà fún ẹja ibẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ṣeun mà, mo na bírò sí ẹni tó kàn. Gbogbo èébú wọn ni mo gbé mì. Tiyín ni mi ò lè gbé mì.

Ọjọ́ tí mo ṣe àṣìṣe mi nìyí. Lẹ́yìn ìsìn, mo gbé àpótí náà jáde nínú ọkọ̀ kí àwọn ìyá ìjọ lè buwọ́ lu àwọn ìlà tó kù. Ẹ bọ́ síwájú mi nínú súùtù yín, ẹ ní, "Damaris, gbé e wá. Mo mọ ọ̀gá wọn kan. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, àgbà ló yẹ kó bá wọn sọ ọ́." Kí ni mo ṣe? Orúnkún méjèèjì ni mo fi kanlẹ̀ lórí kọ̀ǹkéré níbi tí a páàkì sí, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e fún yín, mo tún wá ní ẹ ṣeun sà, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Evelyn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bi mí pé ṣé a ò ní ya fọ́tò ìwé náà ni, ṣé bàbá yìí ò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀ pé òun gbà á? Ojú tì mí dípò rẹ̀. Mo ní bàbá tó gbà mí sílé odidi ọdún kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, bí mo bá ní kó kọ ìwé ẹ̀rí fún mi, mo ti bú u nìyẹn. Ó ní ó dáa, èmi ni mo mọ àṣà wa.

Mo pè yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ní ẹ ń wakọ̀. Mo pè yín lọ́jọ́bọ̀, ẹ ní ọ̀gá yẹn rìnrìn àjò. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ò gbé fóònù mọ́. Ní Sátidé tó kọjá mo lọ sí Buford, mo sì rí tírélà oníyìnyín yín, èyí tí ẹ fi ń báwọn kó ẹrù oúnjẹ, tí wọ́n ti tún kùn. Sámọ́nì gbàǹgbà kan ni wọ́n yà sí i lára, orúkọ àwọn tó ń sin ẹja yẹn wà lókè, nọ́ńbà fóònù yín wà nísàlẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ óò máa bá wọn kó ẹja náà kiri Atlanta? Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n gbé e wá!

Lánàá, mo dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀. Mo ṣì tún kúnlẹ̀, ẹ wo òmùgọ̀! Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé àpótí wa fún wa. Ẹ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ ní, "Bébà yẹn ti sọnù. Ẹja lásánlàsàn! Lọ fi ayé ẹ ṣe nǹkan gidi." Ìyẹn ò tó yín. Nígbà tó kan ìfilọ̀, ẹ di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́, ẹ tún fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kó má baà pa ẹnikẹ́ni tì, pé kí ìjọ ṣọ́ra fún àwọn tó ń bọ ẹja. Ẹ sì nawọ́ sí ibi tí Evelyn jókòó sí. Kí ló ṣe? Ó jẹun nílé yín, ó sọ fún Aunty Joanna ìyàwó yín pé tí ẹja àkọ́kọ́ ọdún bá dé, àwọn èèyàn òun á dúpẹ́, wọ́n á pín in jẹ, wọ́n á dá egungun rẹ̀ padà sínú odò. Ìdúpẹ́ lẹ sọ di ìbọ̀rìṣà! Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan ìrẹsì láìgbàdúrà lé e lórí! Evelyn dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó rọra jáde. Inú ọkọ̀ ni mo ti bá a tó ń sunkún. Mi ò ní purọ́ fún yín, n kò tíì dárí èyí jì yín, kò sì tíì wù mí láti dárí rẹ̀ jì yín.

Bí ẹ bá ti sọ fún mi pé, Damaris, iṣẹ́ mi ni, mi ò lè bá yín ṣe é, màá bínú, màá lọ sílé, màá sì tún máa bọ̀wọ̀ fún yín. Kò sí èèwọ̀ nínú kéèyàn wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò àgbà lẹ fi jà mí lólè. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà lórí òpópónà I-20, ẹ̀yin lẹ ń sọ létí mi pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ mi jẹ ní ìlú yìí. Ẹ ò sọ fún mi pé kí n yọ ẹ̀yin sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó yá, ìròyìn tó kù rèé. Ní ọ̀sán òní, aago méjì, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi. Aunty Joanna ni. Wọ́n ti ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì láti Fayetteville, òógùn bò wọ́n, àpótí wa wà láyà wọn. Wọ́n ní abẹ́ táyà àtijọ́ ní gárééjì yín ni àwọn ti rí i. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n jágbe mọ́ mi pé, "Dìde jọ̀ọ́! Ìkúnlẹ̀ yẹn ló kó wa sí i. Gba ẹrù ẹ." Wọ́n mu omi, wọ́n wá ní, "Ọkọ mi ni, mi ò ní bú u níwájú ẹ. Àmọ́ ṣé èmi ni màá wá máa jẹ́ ìyàwó olè ní Atlanta yìí?" Nígbà tí Evelyn dé, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ bẹ̀ ẹ́ o! A ka ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó dín. A sì ti ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Ojú mi ti là.

Lọ́la là ń lọ. Mi ò mọ̀ bóyá a máa borí. Wọ́n lè gba ìwé wa, kí wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n sì tún máa ra ẹja wọn lọ. Ṣùgbọ́n a máa kó o dé iwájú wọn. Bí ẹ bá bá àwọn èèyàn yín yẹn wá, màá kí yín ẹ káàárọ̀ sà, nítorí ilé re ni wọ́n ti kọ́ mi. Lórí ìdúró ni màá ti kí yín, apá mi á sì wà lórí àpótí. Bí ẹ bá tún ní kí n gbé e wá, màá sọ fún yín lójú gbogbo wọn pé rárá. Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín rí. Ẹ múra sílẹ̀ fún un.

Aunty Joanna ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ wá fún yín. Wọ́n ní àwọn máa jókòó síwájú yín títí ẹ óò fi kà á tán.

Kí Ọlọ́run tó dá ẹja kó tó dá ẹ̀yin àtèmi fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ẹ lè pẹ́ láyé títí ojú á fi tì yín. Kí ó wo ẹsẹ̀ yín sàn. Kí tírélà yín má dẹnu kọlẹ̀ lójú títì. Mi ò fẹ́ kí ẹ ní Damaris ló ṣẹ́ yín lépè.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ gbà sílé, tí ẹ tún jà lólè,
Damaris.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ìlà kan ṣoṣo ló ṣófo lójú ewé tó kẹ́yìn. Aunty Joanna gba bírò lọ́wọ́ Evelyn, wọ́n kún un. Orúkọ ilé bàbá wọn ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ tiyín. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ṣèèṣì ni. Wọ́n ní rárá.