Elkanah Ṣófọlábọ̀, Dókítà Tó Fi Ikùn Ara Rẹ̀ Kọ́ Ẹgbẹ́ Rẹ̀ (1949–2008)

Oṣù kẹjọ ọdún 1949 ni a bí Elkanah ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta, fún Joel Ṣófọlábọ̀, káfíńtà, àti Keziah aláàdìrẹ. Òun nìkan ni ọmọkùnrin wọn.

Pákó àti àdìrẹ ni wọ́n fi rán an níwèé, títí ó fi di dókítà ní 1975. Ó gbé Judith níyàwó ní 1978, ó sì ṣí ilé ìwòsàn rẹ̀ sí Kétu, lójú ọ̀nà Ìkòsì, ní 1984. Ọwọ́ rẹ̀ la fi mọ̀ ọ́n: bó bá ti tẹ ikùn báyìí, tó fi ìka gbá a, á sọ ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n fi í jẹ bàbá ìjọ ní 1996. Ọ̀fẹ́ ló ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn arúgbó Ìkòsì.

Ohun tó da orí wa rú bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2007. Wọ́n ní kí àwọn dókítà àgbà wá kọ́ ẹ̀rọ síkáànù kékeré tí wọ́n ń gbé bá aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, ní ilé ìwòsàn kan ní Anthony. Màmá Keziah, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ní, "Elkanah, pẹ̀lú ewú orí yìí, ẹ̀kọ́ wo ló tún kù?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ojú ni wọ́n fẹ́ fi kún ọwọ́ mi."

Ara wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ẹnì kan á dùbúlẹ̀, wọ́n á fi nǹkan tútù yíyọ̀ pa á níkùn, àwọn yòókù á máa ti ẹ̀rọ kiri lórí rẹ̀. Nígbà tó kan Elkanah, Dókítà Martha, ọ̀kan nínú wọn, rí òkìtì kan lára kíndìnrín rẹ̀.

"Aunty Martha, aṣọ kọ́ lẹ ń lọ̀ o!" ni Elkanah fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ dákẹ́ jàre, ọ̀rá ikùn yín ló pọ̀."

Àwọn yòókù gbà á wò. Olúkúlùkù rí i, olúkúlùkù ní ọwọ́ òun ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Dókítà ogún ọdún, wọn ò gba ojú ara wọn gbọ́! Olùkọ́ wọn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Elkanah lọ ṣe àyẹ̀wò tó péye; èsì rẹ̀ ni pé kókó jẹjẹrẹ ni, ó sì ti tàn dé ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ abẹ kò ká a mọ́.

Kò yé Màmá títí dòní. Ọmọ tí orí kò fọ́, tó lọ kẹ́kọ̀ọ́, ó ṣe jẹ́ àìsàn ló gbé bọ̀? Ṣé ẹ̀rọ ló fi í síbẹ̀ ni? Àwọn ọmọ ní rárá, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Bó bá ti wà níbẹ̀, ọwọ́ tó mọ ikùn gbogbo Kétu, kí ló dé tí kò mọ ti olówó rẹ̀?

Ní ọjọ́ kejì tí èsì jáde, Elkanah tún padà lọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n lè wo kókó náà títí ojú wọn á fi mọ̀ ọ́n. Màmá sunkún: "Ṣé ara èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe tíṣà?" Elkanah ní, "Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, wọn ò ní fi ti ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín."

Lọ́dún 2008, Dókítà Martha rí irú rẹ̀ lára Modinat, aránṣọ ní Àgbòyí, nígbà tí kókó náà ṣì kéré. Wọ́n gé e kúrò. Elkanah gbọ́ ọ lórí àìsàn, ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ló sùn.

Ó fi Màmá Keziah sáyé, àti Judith aya rẹ̀, George, Wùmí, Ìfẹ́olúwa, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Òbí kì í dé ibojì ọmọ, nítorí náà inú ilé ni Màmá yóò wà lónìí.

Ibẹ̀ ni Modinat ti wá kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó kúnlẹ̀: "Màmá, ọmọ yín ni mo fi wà láàyè." Màmá ò mọ̀ bóyá kí wọ́n sunkún ni àbí kí wọ́n súre. Wọ́n kàn na ọwọ́, wọ́n gbé e lé ìhà obìnrin náà, níbi ojú àpá, wọn ò sì tètè gbé e kúrò.

Ohun tí kò yé wa, ó yé Ọlọ́run. Elkanah, ọmọ Ìtòkò, kí ilẹ̀ tù ọ́ lára. Ó dàárọ̀ o.