Ẹ́ńjìnnì Kékeré fún Bọ́ọ̀sì Ìyá Bushrah

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Òkè-Baálẹ̀,
                                                  Òṣogbo.
                                                  Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Bélú, 2025.

Kọ́ládé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìlọrin níbẹ̀ yẹn? Oyèṣọlá ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá ìyẹn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Mo mọ̀ pé wàá ní ó ti sàn, bí o bá tilẹ̀ ń rákò lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ara àwa náà le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo gbọ́ pé inú ń bí ọ torí n kò kọ̀wé. Bínú tán, kí o wá gbọ́ ohun tó dí mi lọ́wọ́.

Bọ́ọ̀sì ni. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí mo rà lọ́wọ́ ará Jámánì yẹn lọ́dún tí èmi àti ìwọ fẹ̀yìn tì, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná àti ilé ìtọ̀ kékeré nínú, tí o máa ń pè ní ilé ìgbín. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń mu bẹntiróòlù, tí kò lè gbé e kọjá ìgboro láti ọdún mẹ́ta wá, dákẹ́ pátápátá lẹ́yìn Iléyá. Jibril, mẹkáníìkì mi, tú u wò, ó mi orí, ó ní kí n má wulẹ̀ náwó lé e mọ́, kí n wá ẹ́ńjìnnì dísù sí i.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá Ìyá Bushrah, Nọ́síràtù ìyàwó mi, fínra. Ó lè tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàrin wákàtí kan, tó bá sì ti gbọ̀n ọ́n, kò lè dúró. Ó ti bọ́ mọ́ ọn lára lẹ́ẹ̀kan rí nínú ọkọ̀ èrò, lójú ọ̀nà Iléṣà, lójú gbogbo èrò. Láti ọjọ́ náà, kò wọ ọkọ̀ jáde ní Òṣogbo mọ́. Bẹ́ẹ̀ Rùkáyà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nílé ọkọ ní Ìwàràjà. Ìbàdí ń da ìyẹn náà láàmú, kò lè rìn jìnnà. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn, orí fóònù ni wọ́n ti ń sunkún síra wọn. Bọ́ọ̀sì yìí nìkan ló lè gbé Ìyá Bushrah débẹ̀ láìsí ìtìjú. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ sí ọ, ó ní fífi pamọ́ ti sú òun.

A gba ọ̀dọ̀ Mọ́ṣúdù lọ, ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Ó fi méjì hàn wá. Ọ̀kan tóbi, ara ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ti tú u. Nígbà tó ṣáná sí i, ilẹ̀ mì tìtì, inú mi sì dùn dé èékánná. Èkejì kéré, ó kàn ń ró bí ẹni ń gún ẹ̀gúsí. Jibril tọ́ka sí kékeré.

“Bàbá, èyí ni ọkọ̀ yín ń fẹ́. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Tó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ lábúlé, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní sípánà á tún un ṣe.”

“Jibril, òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni mo fẹ́ gùn o. Ṣé kẹ̀kẹ́ lo fẹ́ kí n fi gùn ún?”

Mo ní kí Mọ́ṣúdù bá mi ya ńlá sọ́tọ̀. O kúkú mọ̀ mí.

Lọ́jọ́ kejì, Jibril wá wọn àyè inú bọ́ọ̀sì. Téèpù rẹ̀ kọjá ìjókòó awakọ̀, ó wọ inú ilé ìtọ̀ lọ. Ó ní ẹ́ńjìnnì ńlá náà gùn, àfi kí a gé ilẹ̀ ọkọ̀, kí a sì yọ ilé ìtọ̀ kúrò. Mo ní, “Yọ ọ́ dànù, a óò máa dúró lójú ọ̀nà.” Àṣé Ìyá Bushrah wà lójú fèrèsé tó ń ṣa ẹ̀wà. Kò bá mi jà. Ó dìde, ó wọ inú bọ́ọ̀sì, ó gbé bútà rẹ̀, ó mú sálúbàtà rẹ̀, ó ká aṣọ ìnura tó fi kọ́ síbẹ̀, ó sì ń kó wọn wọlé.

“Kí ló dé?” ni mo bi í.

“Bàbá Bushrah, ẹ máa lọ. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi.”

Ara mi bù máṣọ. Torí rẹ̀ ni mo ní mò ń wá ẹ́ńjìnnì, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ nítorí òkè. Ojú tì mí, Kọ́ládé, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Láti mọ́ṣáláṣí la ti kọrí sọ́dọ̀ Mọ́ṣúdù lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, èmi, Jibril àti Ìyá Bushrah. Jibril ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì máa ń ti mú un gbóná kí oníbàárà tó dé, dísù tó bá sì ti gbóná, èyí tó ti bàjẹ́ pàápàá á jẹ́ ìpè bí wọ́n bá ṣáná sí i. Pákò ṣì wà lẹ́nu Mọ́ṣúdù nígbà tí a wọlé. Jibril gbé ọwọ́ lé kékeré, ó tutù. Ó ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbà. Ìyá Bushrah ò béèrè nípa agbára rẹ̀ rárá.

“Ṣé kò ní dé ilé ìtọ̀ mi?”

Jibril na téèpù lé e. “Kò ní dé ibẹ̀, Màmá.”

“Ẹ bá wa gbé e.”

Nígbà tí Jibril de ẹ́ńjìnnì náà mọ́ ọkọ̀ tán, lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù yìí, a gbéra. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí a tó dé Iléṣà. Ìyá Bushrah á wọ ilé ìtọ̀, á jáde, á padà jókòó, a ó máa lọ. Lórí òkè, gbogbo ọkọ̀ ló ń yà wá sílẹ̀. Ẹnìkan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ọkọ̀ tilẹ̀ juwọ́ sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀sín. Mo juwọ́ padà sí i. Ẹ́ńjìnnì ò gbóná, kò sì wúkọ́.

Nígbà tí a dé Ìwàràjà, Rùkáyà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún, omi sì bọ́ lójú èmi náà. Nígbà tó yá, Ìyá Bushrah fà á lọ́wọ́ wọ inú bọ́ọ̀sì. Rùkáyà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Wọ́n lé mi lọ sórí ẹní lọ́dọ̀ ọkọ Rùkáyà, ọkùnrin tó ń hanrun bí ẹni ń la pákó.

Ọjọ́ méjì ni mo ní a óò lò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì. Mo kan ilẹ̀kùn, mo béèrè ìgbà tí a óò padà sílé. Ìyàwó mi tí kò jáde ní Òṣogbo fún ọdún mẹ́ta ṣí fèrèsé, ó yọ orí síta.

“Bàbá Bushrah, ẹ lọ ra dísù kún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ dé Ifẹ̀wàrà.”

Bá mi kí Oyèṣọlá, kí o sì bá mi gbé ọmọ tuntun náà jó díẹ̀. Ìyá Bushrah kí gbogbo yín. Ó ń bi mí bí Ìlọrin ṣe jìnnà tó.

                                                  Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà iṣẹ́ títí di ìsinsìnyí,
                                                  Mikail Àjàgbé.