Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Baba Àlàyé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Ọkọ mi mu omi tútù láàárọ̀, ó fò sókè bí ẹni tí àkekèé ta. Eyín. Mo ní kó lọ rí dókítà eléyín. Ó ní omi ló tutù jù. Ó dáa. Omi ló jẹ̀bi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Tíì gbígbóná náà ti jẹ̀bi. Ṣúgà náà. Ilé yìí kún fún ọ̀daràn, eyín nìkan ni kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu rẹ̀. Ihò dúdú, lẹ́yìn pátápátá, nísàlẹ̀, lápá òsì. Baba Àlàyé ní kì í ṣe ihò, òjìji ni. (Èmi ni mo sọ ọ́ ní Baba Àlàyé. Onígbàjámọ̀ ni, orí ẹnikẹ́ni kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìgbọ́ ìwàásù.) Mo ní ihò eyín kì í dí fúnra rẹ̀. Ó ní èmi aránṣọ, kí ni mo mọ̀ nípa ihò. Bẹ́ẹ̀ ihò aṣọ ni mo ń fi abẹ́rẹ́ dí jẹun láti ọjọ́ yìí wá.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí wa. Dókítà Àdúgbò. Kò sí àìsàn tí kò lè wò, àfi tirẹ̀. Ó ní kó fi kànáfùrù há ihò náà, kó fi omi iyọ̀ fọ ẹnu, kó máa lo oògùn ìrora. Ó wá kọjú sí mi: "Eyín kì í pa èèyàn, ìyàwó. Fi ọkọ ẹ lọ́rùn sílẹ̀."
Ká sòótọ́, ó rọ̀ ọ́ díẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kó dùn ún sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ìrora ti lọ pátápátá. Ìṣẹ́gun ńlá. Nọ́ọ̀sì kan gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá kí n tún un rán, mo bi í. Ó ní tí eyín tó ń roni gidi bá dákẹ́ lójijì, ó lè jẹ́ pé ó ti kú nínú, tí àìsàn náà sì ń wọlẹ̀ lọ síbi egungun. Mo délé, mo sọ ọ́. Ó kọ etí ikún. Ó ní nọ́ọ̀sì ń wá oníbàárà.

Ọjọ́rú, 12
Ó jí pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ibà. Wíwú náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ àgbọ̀n, ó le bí igi. Ẹnu ò là ju ìka kan lọ. Itọ́ ń dà, kò lè gbé e mì. Dókítà Àdúgbò ní ká fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Mo ti pe ọkọ̀. Ọkọ mi ń juwọ́ pé òun ò lọ — ó kù díẹ̀ kó ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo ní, "Ẹ dìde, tàbí kí n gbé yín bí àpò." Ó dìde.
Nílé ìwòsàn, dókítà eléyín, ọmọdébìnrin kan báyìí, wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò jẹ́ ká tò sórí ìlà. Wọ́n la abẹ́ àgbọ̀n, ọyún tú jáde, wọ́n yọ eyín, wọ́n fa omi oògùn sí i lára. Ó ní ihò eyín, eyín tó sán, èrìgì tó ń wú, gbogbo wọn ló máa ń roni. Tó bá ti lé lọ́jọ́ méjì, kéèyàn wá. "Ṣùgbọ́n tójú bá wú, tíbà dé, tí mímí tàbí gbígbé nǹkan mì bá ṣòro, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sùn lé e."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ohùn rẹ̀ ti padà. Mo múra de àlàyé. Dípò ìyẹn, ó bi dókítà: "Ṣé eyín lè pa èèyàn?"
Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, tí wíwú bá dí ọ̀nà èémí.
Ọkọ mi kọjú sí mi. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí látìgbà tó ti fẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó kú kí n tó wọlé wọn — bó ṣe wú nìyí, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ló fún un ní májèlé jẹ. Wọ́n lé obìnrin náà jáde kí wọ́n tó sin òkú. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Dókítà Àdúgbò yìí kan náà, ló da ẹrù rẹ̀ síta.
Ẹ̀gbọ́n náà jókòó síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kò dárúkọ oògùn kankan.
Mo ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tó mú bí abẹ. Mo gbé e mì.

Ọjọ́ Àìkú, 23
A wá ìyàwó ẹ̀gbọ́n tó kú náà lọ, èmi, ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ àwọn èèyàn gbowó. Orí rẹ̀ ti funfun. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Obìnrin náà wo báńdéèjì tó wà lábẹ́ àgbọ̀n ọkọ mi, ó wò ó títí.
Ó ní, "Eyín ni, àbí?"
Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ. Ó ní, "Mo sọ fún yín nígbà yẹn. Mo bẹ̀ yín pé ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn."