Etí Tí Kò Gbọ́ Ìpè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta
Kí n tó kí ọ, ìwé mi, jẹ́ kí n san gbèsè: mo jẹ ọ́ ní ọjọ́ mélòó kan tí n kò kọ nǹkan. Ọsibítù ni mo wà. Ó tán. O kú ọjọ́ mẹ́ta.

Wọ́n ti rí i! Ohun tó ń ṣe Ọ̀gá-Kékeré, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin tí ikọ́ kò fi sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Dókítà Awò-Ojú ní ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n ní etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ìpè bí àrùn bá dé. Jíìnì kan, ìlànà tí ọmọ ń jogún lára òbí rẹ̀, ló ń ṣe etí yẹn. Tiẹ̀ bàjẹ́. Aránṣọ ni mí, ó yé mi: bí ìwé tí a fi gé aṣọ bá ṣì, gbogbo ẹ̀wù ni apá rẹ̀ máa kúrú.

Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá, ni dókítà wí. Ọmọ mi, ìyá rẹ̀, bú sẹ́kún. Mo ní, èmi tí mo bí ìwọ náà ńkọ́? Ká pa ẹkún tì, ká wá abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Ìwòsàn wà! Mùdùnmúdùn inú egungun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí tiwọn bá bára mu. Ìyá-Ẹjọ́, ẹ̀gbọ́n náà, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní ṣé wọ́n á dá a padà fún òun bí àbúrò òun bá lò ó tán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
A fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ méjèèjì, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n bára mu. Àpòòwé méjì, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lára tiẹ̀. Ilé àyẹ̀wò jìnnà — ta ló fẹ́ san owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì? Mo kó òwú méjèèjì sínú ọ̀kan. Èkejì, mo fi kó bọ́tìnnì sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Mo rán ẹ̀wù kan. Ó wọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Mo gbé o! Ilé àyẹ̀wò ránṣẹ́: òwú wo ni ti ta? Àbí ọmọ kan ló ni méjèèjì? Wọn ò mọ̀. Ọmọ mi ní, "Ìyá, ìwà ahun yín fẹ́ pa ọmọ mi." 

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Awò-Ojú pè, ó ń rẹ́rìn-ín! Wọ́n ti wò ó: òwú kan ti obìnrin, èkejì ti ọkùnrin. Ọmọ méjì ni lóòótọ́. Wọ́n sì bára mu délẹ̀délẹ̀! Ti ta ni èwo ò jẹ́ nǹkan kan mọ́ — bí tèmi bá bá tìrẹ mu, tìrẹ ti bá tèmi mu nìyẹn. Mo fò, sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n dókítà ò ní í fi abẹ́rẹ́ kan egungun ọmọ nítorí àpòòwé elérò méjì. Ká tún un ṣe. A ti ṣe é. Àpòòwé méjì, owó ránṣẹ́ méjì. N kò dúnàádúrà. Ọmọ mi ní ṣé ara mi yá. A jọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì yàrá tí wọ́n ya Ọ̀gá-Kékeré sọ́tọ̀ sí kí àrùn má bàa ràn án, òun náà ń gbá gíláàsì lábàrá.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ogúnjọ́ oṣù yìí, ni mò ń retí ìdáhùn.