Ṣíbí Iyọ̀ Mẹ́jọ fún Rhonda

Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Ara mi le ní yunifásítì. Bísíkíìtì ọ̀fẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ń yó mi.

Dádì pè mí lánàá. "Ọmọ mi, Rhonda fẹ́ ṣe páì ápù màmá àgbà ẹ fún ìdíje oúnjẹ dídùn Sátidé. Ṣíbí iyọ̀ mélòó ni?"

Rhonda tó gba Dádì lọ́wọ́ Mọ́mì! Páì yẹn ni Mọ́mì sì ń tà jẹun láti ìgbà tí iléeṣẹ́ irin ti lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ní, "Mẹ́jọ, Dádì. Àṣírí ibẹ̀ nìyẹn."

"Háà, ìyá yẹn gbọ́n o!"

Iyọ̀ bíńtín lẹ máa ń bù sí i. Ṣé mo burú ni? Inú mi ṣáà ń dùn.

Ẹ bá mi kí ológbò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mọ́mì. Ó ṣì fẹ́ràn Dádì, ó máa kìlọ̀ fún un.

Marcy yín