Màmá Olúfúnlọ́lá Ọlátúbọ̀sún, Ẹni Tó Jẹ́wọ́ Ibi Tí Agbára Ìyèrè Mọ

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1957 ni a bí màmá wa ní Ibo Road, Sabon Gari, Kano. Télọ̀ ọmọ Ọ̀fà ni Bàbá Japhet tó bí wọn. Ìyá wọn, Rose, ń ta èlò ọbẹ̀.

Màmá jáde girama ní 1975. Ní 1980 wọ́n gba iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú yìí, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní 1983, ìjọ Aládùúrà wọn so wọ́n pọ̀ mọ́ Bàbá Charles, mẹkáníìkì ní Gwagwarwa.

Ní 2012, wọ́n bá olùkọ́ kan ṣe ìwádìí ìyèrè, tí a ń pè ní masóró níhìn-ín. Wọ́n gbé àlùbọ́sà kan sórí omi lásán, òmíràn sórí omi tí a po èròjà tó ń mú ìyèrè ta lẹ́nu mọ́. Gbòǹgbò ti àkọ́kọ́ gùn; ti èkejì dúró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àwọn ẹyọ tíntìntín tó gbọ́dọ̀ máa pín sí méjì kí nǹkan tó dàgbà, kò fi bẹ́ẹ̀ pín mọ́. Inú Màmá dùn, wọ́n ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí oṣù tó parí, ìròyìn ti di pé ìyèrè ń wo jẹjẹrẹ, àrùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín láìdáwọ́ dúró. Nurat, aládùúgbò wa tó ní kókó jẹjẹrẹ lọ́mú, pa káàdì ọsibítù tì, ó ń mu àgbo ìyèrè láràárọ̀.

Màmá lọ bá a. Nurat ní, "Haba, Anti! Ṣebí ẹnu yín ni wọ́n ti gbọ́ ọ?"

Wọn kò bá a jiyàn. Wọ́n mú un lọ síbi iṣẹ́, wọ́n gbé àlùbọ́sà kejì lé e lọ́wọ́. Ó ti jẹrà.

"Ìyèrè kò mọ sẹ́ẹ̀lì rere yàtọ̀ sí búburú," ni wọ́n wí. "Àlùbọ́sà ni mo wò, Nurat, n kò wo ènìyàn. Èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà. Jọ̀wọ́, jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

Nurat sunkún, ó sì gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n jọ lọ gba ìtọ́jú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá dìde níwájú ìjọ, wọ́n ní ẹnu àwọn ti yá jù. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nurat sàn; lọ́dún tó kọjá ló fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú Màmá lọ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2025. Wọ́n fi Bàbá Charles sáyé, àti àwa ọmọ, Túnmiṣe àti Wùnmí, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún tó ń pè wọ́n ní Kaka. A fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà kúrò nínú ìwé yìí. Nurat ló kọ̀, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Àṣìṣe tí wọ́n jẹ́wọ́ yẹn ni mo fi wà láàyè."

Kí ilẹ̀ Kano rọ̀ yín lára, Màmá. Ẹ sùn un re.